Ọkùnrin Tí Wọ́n Ń Pè Ní Ìyá Àparò

Ìgbà tí mo kọ́kọ́ rí i, ó lóṣòó sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú ọgbà ilé-iṣẹ́ omi, ó ń fi àkísà nu ẹ̀rọ ìgékoríko rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán. Èmi wá fi ẹjọ́ páìpù tó bẹ́ níwájú ilé wa sùn. Ọkùnrin tó ń tọ́jú pọ́ǹpù yọ orí lójú fèrèsé, ó ní, "Ẹ béèrè lọ́wọ́ Ìyá Àparò, ó mọ ibi tí ọ̀gá wà." Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, n kò rí obìnrin kankan. Ọkùnrin onírùngbọ̀n tó lóṣòó yìí ló gbé ojú sókè, tó ní, "Èmi ni wọ́n ń bá wí. Ẹ máa tẹ̀ lé mi." Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín rárá. Ó pẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà, nígbà tí a ti di ojúlùmọ̀, kí ó tó sọ ìdí rẹ̀ fún mi, ìyàwó rẹ̀ sì wà níbẹ̀ tó ń bá a sọ ibi tó bá fò.

Pápá ńlá kan wà lẹ́yìn àwọn táǹkì ilé-iṣẹ́ omi náà. Abẹ́ pápá yìí ni àwọn páìpù ńláńlá gbà, nítorí náà wọn kì í kọ́ ilé sí i, wọn kì í sì í gbin igi síbẹ̀. Koríko nìkan ló wà níbẹ̀, iṣẹ́ ọkùnrin yìí sì ni kí koríko náà má di igbó. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà jẹ́ ẹni tó fẹ́ kí gbogbo nǹkan wà létòlétò. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, láti ojú fèrèsé ló ti máa ń wo pápá, ohun tó sì máa ń fẹ́ rí ni ìlà róbótó-róbótó, ọ̀kan nínú èkejì, bí ìgbà tí òkúta bá bọ́ sínú omi. Kí ìlà tó lè rí bẹ́ẹ̀, àfi kí agékoríko bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá ọgbà, kó máa yí pápá ká, kó máa sún sínú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi parí iṣẹ́ sí àárín gbùngbùn.

Àgbàlagbà tó kọ́ ọ níṣẹ́, tó ti fẹ̀yìn tì kí ọ̀rọ̀ yìí tó ṣẹlẹ̀, ti kìlọ̀ fún un dáadáa. Ó ní, "Bí o bá ti ń gé e báyìí, gbogbo ohun tó ń mí nínú koríko á máa sá fún ọ, ibi tí wọ́n sì máa sá sí ni àárín. Nígbà tí èyí tó kù kò bá ju yàrá kan lọ mọ́, pa ẹ́ńjìnnì. Mú ọ̀pá, fi lu koríko náà yí ká. Jẹ́ kí ohun tó bá wà níbẹ̀ jáde, kó máa lọ ní tirẹ̀. Ìgbà yẹn ni kí o tó gé e." Kò sí ìgbà tí ọkùnrin yìí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Òkété ti sá jáde níwájú rẹ̀ rí, alángbá kò lóǹkà, ejò pàápàá ti jáde tó sì ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

Ọjọ́ kan péré ni kò ṣe é. Àwọn àlejò ń bọ̀ láti olú ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, òjò sì ti ṣú bolẹ̀. Okùn tí wọ́n fi ń fa ẹ́ńjìnnì ti ń já fọ́nrán-fọ́nrán. Bí ó bá pa á, ó lè fa okùn náà títí apá á fi ro ó kí ẹ́ńjìnnì tó dáhùn, okùn sì lè já sí i lọ́wọ́ pátápátá. Ó wo ojú ọ̀run, ó wo ìwọ̀nba koríko tó kù láàárín. Ó ní nínú ara rẹ̀ pé, "Kí ló tún lè wà níbẹ̀?" Ó ti ẹ̀rọ wọ inú rẹ̀.

Ó gbọ́ tí abẹ kọlu nǹkan rírọ̀. Ìgbà náà ló wá pa ẹ́ńjìnnì. Àparò ni, abo, ó sanra kinkin. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti gé, ó sì ti kú.

Ohun tó ń dùn ún jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti wí, kì í ṣe pé ó pa ẹyẹ. Ohun tó ń dùn ún ni pé inú rẹ̀ dùn. Ó gbé ẹyẹ náà sókè, ó fọwọ́ wọn bó ṣe wúwo tó, ohun àkọ́kọ́ tó sì wá sí i lọ́kàn ni ìyá ìyàwó rẹ̀.

Ìyá náà ti ń gbé lọ́dọ̀ wọn láti ìgbà tí ẹsẹ̀ kò ti gbé e dáadáa mọ́. Láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni kò ti fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ fẹ́ agékoríko. "Koríko tí ewúrẹ́ ń jẹ lọ́fẹ̀ẹ́," ni ó máa ń wí, "wọ́n tún wá gba ẹnì kan síṣẹ́ nítorí ẹ̀?" Kì í bá ọkọ ọmọ rẹ̀ jà, kì í sì í bú u. Kò kàn bá a sọ̀rọ̀ ni. Ohunkóhun tó bá fẹ́ sọ fún un, ọmọ rẹ̀ ló ń rán. Wọ́n á jókòó sórí àga méjì tó fara kan ara wọn, orúnkún ọkùnrin yìí á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ọ̀pá rẹ̀, ìyá á sì kígbe sí ọmọ rẹ̀ nínú kíṣìnì pé, "Sọ fún ọkọ rẹ kó sún, ó ń dí afẹ́fẹ́ mọ́ mi." Ìyàwó á dáhùn láti kíṣìnì pé, "Bàbá wọn, Màmá ní kí ẹ sún." Ọkọ á sì sún. Bí wọ́n ṣe ń gbé e nìyẹn, láti ọdún dé ọdún.

Ó fọ ẹ̀jẹ̀ ara ẹyẹ náà lẹ́nu ẹ̀rọ omi, ó fi àpò wé e. Nígbà tó délé, ó ní, "Ọdẹ kan ni mo rà á lọ́wọ́ ẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní kí Màmá náà rí nǹkan gidi jẹ." Kò sí ẹni tó fipá mú un parọ́. Ẹran tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà fún ìyá ìyàwó dára létí ju ẹran tí ẹ̀rọ ṣèèṣì pa lọ, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyàwó rẹ̀ gbé ẹyẹ náà lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti tu ìyẹ́ rẹ̀. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó wọlé kò sọ ju pé kí wọ́n bá òun wá àlùbọ́sà. Ó sè é. Ìyá jẹ itan, ó jẹ apá, ó fa egungun mu títí ó fi mọ́ roro. Ó nu ọwọ́, ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ pé ẹran náà dára." Kò tíì rán irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí i rí. Ọkọ sùn tayọ̀tayọ̀.

Òjò kò padà rọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó mú réèkì lọ sí pápá láti kó koríko tó gé jọ kí àwọn àlejò tó dé. Nígbà tó dé àárín gbùngbùn, réèkì gbé koríko kúrò lórí ibì kan tó tẹ́ kòtò díẹ̀. Àwọn ọmọ àparò ló wà níbẹ̀, wọn kò ju àtàǹpàkò èèyàn lọ. Èèrà ti bò wọ́n. Ó dúró, ó ń wò wọ́n. Lẹ́yìn náà ló rí i tí ọ̀kan ń mì lábẹ́ koríko, aláwọ̀ ilẹ̀, ìlà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá, ó sì ń ké ṣíṣí-ṣíṣí.

Ìgbà náà ni gbogbo rẹ̀ yé e. Ẹ́ńjìnnì ń bọ̀, ilẹ̀ ń mì, ìyá wọn ní ìyẹ́ méjì tó lè fi fò, kò fò. Ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Òun sì ti jẹun yó lálẹ́ àná, ó sì ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé itan síwájú Màmá.

Ó sin àwọn tó ti kú. Ó gbé ọ̀kan tó kù sínú àpò àyà aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó mú un lọ sí ilé pọ́ǹpù, nítorí ara pọ́ǹpù máa ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Onípọ́ǹpù jẹ́ ọkùnrin oníkùn ńlá kan tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi.

"Kí ló ń ké nínú àpò rẹ yẹn? Fóònù tuntun lo rà?"

"Ọmọ àparò ni. Nínú koríko ni mo ti rí i."

"Ìyá ẹ̀ ńkọ́?"

Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ohun tó jáde ni pé, "Ó jọ pé àṣá gbé e."

Onípọ́ǹpù bú sẹ́rìn-ín. "Ìwọ ló wá kàn nìyẹn. Ẹ kú ewu ọmọ o! Ẹ kú ewu, Ìyá Àparò!" Ó kígbe bẹ́ẹ̀ láti ojú fèrèsé, àwọn tó ń wọn oògùn sí omi gbọ́, akọ̀wé gbọ́, àwọn awakọ̀ gbọ́. Kí oòrùn tó dé àárín ọ̀run, kò sẹ́ni tó pe ọkùnrin yìí ní orúkọ mìíràn mọ́ nínú ọgbà náà.

Ó mú páálí kékeré kan, ó tẹ́ àkísà sí i, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ pọ́ǹpù. Ó wú òkìtì ikán, ó kó ikán wá, ṣùgbọ́n ọmọ ẹyẹ náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń jẹun. Ó kàn ń wo ikán tó ń rìn kọjá lẹ́sẹ̀ rẹ̀ ni. Ọkùnrin yìí wá rántí bí adìẹ ṣe máa ń fi ẹnu sọ ilẹ̀ fún ọmọ rẹ̀. Ó fi èékánná ìka ìfábẹ̀là rẹ̀ sọ ilẹ̀ páálí, kọ́kọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikán. Ọmọ ẹyẹ wò ó. Ó tún sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ títí abẹ́ èékánná rẹ̀ fi ń ta á, kí ọmọ ẹyẹ náà tó tẹ orí ba, tó ṣa ikán kan, tó gbé e mì. Onípọ́ǹpù pàtẹ́wọ́. "Ẹ wo bí ìyá ṣe ń kọ́ ọmọ!" Òun kò lè gbé ojú sókè.

Lọ́jọ́ náà, ó wọlé tòun ti páálí lápá. Ìyá ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ohùn ẹyẹ, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú. Kò pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Gbé e wá."

Ọkùnrin yìí wo ẹ̀yìn, bóyá ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wí. Kò sẹ́nì kankan lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Gbé e wá kí n rí i. Ìyá ẹ̀ dà?"

"Àṣá ló gbé e, Màmá."

"Ìwọ lo wá gbé ọmọ òrukàn sápò, tó o gbé e wálé?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Ìyá náà tú aṣọ orí rẹ̀, ó ká a róbótó sórí itan, ó gbé ọmọ ẹyẹ náà sí i. Ọmọ òrukàn lòun fúnra rẹ̀. Kò mọ ojú ìyá tó bí i. Ilé dé ilé ni wọ́n ti tọ́ ọ, ó sì mọ ilé tí wọ́n ti ń fún un lóúnjẹ kí àwọn ọmọ onílé tó jẹun, ó mọ èyí tí wọ́n ti ń fún un lẹ́yìn tí ajá bá ti yó. Ó fi ìka kan pa orí ẹyẹ náà. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi." Kì í ṣe ẹyẹ ló ń bá sọ̀rọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni nǹkan ti yí padà nínú ilé. Ọmọ mi, wá jókòó. Ọmọ mi, ẹ̀yìn ń dùn mí, bá mi gbé ìrọ̀rí. Ọmọ mi, ọmọ wa jẹ tata mẹ́ta lónìí, ó fẹ́ gbé ìka mi mì mọ́ ọn. Ìyá àti ọkọ ọmọ á jọ tẹ orí ba lórí páálí, wọ́n á jọ máa rojọ́ bí àgbààgbà méjì tó bímọ sọ́jọ́ alẹ́. Ìyàwó á dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì pẹ̀lú ìgbákọ lọ́wọ́, á máa wò wọ́n.

Gbogbo "ọmọ mi" yẹn ń gún ọkùnrin yìí bí ẹ̀gún. Èyí tó tún burú jù ni ti àárọ̀. Àṣá kan wà tó máa ń yí ojú ọ̀run ká lókè àdúgbò wọn. Bí ìyá bá ti rí òjìji rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, á gbé ọ̀pá rẹ̀ sókè sí i. "Apànìyàn! Olè inú afẹ́fẹ́! Ohun tó o fojú ìyá ọmọ yìí rí, ojú tìrẹ náà á rí i! O ò ní rí oúnjẹ jẹ yó! Oorun ò ní kùn ọ́!" Ọkùnrin yìí á wà níbẹ̀ tí á máa fọ ẹnu. Á dẹ́kun. Omi á wà lẹ́nu rẹ̀, kò ní lè tu ú, kò ní lè gbé e mì. Nígbà mìíràn ó máa ń ṣe é bíi kó bá àṣá náà bẹ ìyá, kó ní, ẹ fi í sílẹ̀, kò mọ nǹkan kan.

Ní ibi iṣẹ́ ńkọ́? Lọ́jọ́ tó rí ọmọ ẹyẹ náà gan-an, nígbà tí àwọn àlejò olú ilé-iṣẹ́ dé, ọ̀gá mú wọn wá sí ilé pọ́ǹpù. Ó ní, "Ẹ wo irú òṣìṣẹ́ tí a ní. Ó ń tọ́jú koríko, ó ń tọ́jú ẹ̀dá inú koríko." Wọ́n ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Obìnrin kan nínú wọn tiẹ̀ gbọn ọwọ́ rẹ̀ títí. Ọwọ́ kan náà tó fi ti ẹ̀rọ.

Ohun kan ṣoṣo tó lè ṣe, ó ṣe é. Ó yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Àárín pápá ló ti ń bẹ̀rẹ̀ báyìí, ó ń sún jáde síhà ẹ̀bá, kí ohun tó bá wà níbẹ̀ lè máa sá lọ síbi tó bá wù ú. Ó sì ń fi koríko gíga díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Ìlà róbótó kò gún mọ́. Ọ̀gá ránṣẹ́ pè é.

"Kí ló ṣe pápá mi? Ó dà bí orí tí afárí sá fi sílẹ̀."

"Báyìí ló sàn, sà, kí àwọn ohun tó wà nínú ẹ̀ lè ráyè sá."

"Kí ló fẹ́ sá? Ìwọ fúnra rẹ lo ní àṣá ló gbé ìyá ẹyẹ yẹn. Ṣé àṣá ń gé koríko ni?"

Ọkùnrin yìí tẹrí ba fún un. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó tún lọ ń gé e bó ṣe ń gé e.

Kò jẹ ẹran ẹyẹ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ rí i pé ó ń fi adìẹ sí ẹ̀gbẹ́ àwo lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, tí ìyá ń sùn nínú yàrá, ó jókòó tì í nínú kíṣìnì.

"Bàbá wọn, ẹ jẹun."

"Kò wù mí ni."

"Ó wù yín. Ẹ̀rù ló ń bà yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ rò pé mi ò mọ̀? Ta ló tu ìyẹ́ ẹ̀? Abẹ́ ikùn ẹ̀ pá kalẹ̀, bíi ti adìẹ tó ń sàba. Ẹsẹ̀ méjèèjì gé géérégé. Ọdẹ wo ló ń fi ẹ́ńjìnnì ìgékoríko ṣọdẹ?"

Ọkọ wò ó títí. "O mọ̀, o sì sè é?"

"Kí n ṣe báwo? Ẹ gbé e wọlé, ojú yín ń dán bíi tọmọdé. Mo ní ó kúkú ti kú. Mi ò mọ̀ pé ẹ máa gbé ọmọ ẹ̀ wá bá mi lọ́jọ́ kejì." Ó fa àwo ọkọ rẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Èmi náà jẹ níbẹ̀. Mo jẹ ọrùn."

"Mo fẹ́ sọ fún Màmá."

"Ẹ má sọ ọ́. Mo bẹ̀ yín. Ẹ wò ó bí wọ́n ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó bí ẹ̀yin méjèèjì ṣe ń sọ̀rọ̀. Ṣé ẹ mọ ọdún tí mo fi wà láàárín yín, tí mò ń jíṣẹ́ láti àga kan dé àga kejì? Ó ti rẹ̀ mí, Bàbá wọn. Ẹ jẹ́ kí n sinmi."

Ó gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní òun kò ní sọ ọ́.

Ẹyẹ náà dàgbà. Ó yọ ìyẹ́, ó di ẹni tó ń rìn gbàgàdà-gbàgàdà káàkiri ẹ̀yìnkùlé bí alábòójútó. Ó máa ń dúró sórí ẹsẹ̀ ìyá nígbà tí ìyá bá jókòó síta, ìyá a sì jókòó jẹ́ẹ́ kó má baà dà á láàmú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ ọ̀hún ń dùn ún.

Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn lọ́sàn-án ọjọ́ kan, tí ọkùnrin yìí ti ibi iṣẹ́ dé. Ìyá ní, "Ọmọ mi, jókòó. Mo fẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀." Ó jókòó sórí àpótí níwájú rẹ̀.

"Nígbà tí o kọ́kọ́ wá tọrọ ọmọ mi, mo sọ ọ̀rọ̀ kan. Ṣé o rántí?"

"Mi ò rántí mọ́, Màmá."

"Irọ́ lò ń pa. O rántí. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí. Mo ní ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé nǹkan kiri, kí ló lè tọ́ dàgbà? Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìwọ náà fara dà á, o rẹ́rìn-ín." Ìyá náà gbé ọwọ́ lé orúnkún ọkọ ọmọ rẹ̀. "Mo ṣì ọ́ mú. Láti gbogbo ọdún yìí ni mo ti ṣì ọ́ mú. Má bínú sí mi." Ó sì ń gbìyànjú láti tẹ̀ síwájú lórí àga, àgbàlagbà tí ẹsẹ̀ kò gbé, kó lè tẹrí ba fún un.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀ mí."

"Ẹnu mi ni mo fi sọ ọ́, ẹnu mi ni mo máa fi—"

"Kì í ṣe àṣá."

Ìyá dúró. "Àṣá wo?"

"Àṣá kọ́ ló pa ìyá ẹ̀. Èmi ni. Ẹ́ńjìnnì mi ló gé e. Ó yẹ kí n pa ẹ́ńjìnnì kí n fi ọ̀pá lu koríko kó lè jáde. Okùn ti fẹ́ já, mo ń kánjú, mi ò ṣe é. Mi ò ra ẹran kankan lọ́wọ́ ọdẹ, Màmá. Òun náà ni mo gbé wálé."

Ẹyẹ sọ̀ kalẹ̀ lẹ́sẹ̀ ìyá, ó ń ta erùpẹ̀ kiri. Ìyá wo ọwọ́ rẹ̀ kejì, iwájú àti ẹ̀yìn.

"Èyí tí mo jẹ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Mo fa egungun ẹ̀ mu." Ó tún ní, "Ṣé ó ké?"

"Mi ò gbọ́. Ariwo ẹ́ńjìnnì ò jẹ́ kí n gbọ́."

"Gbogbo àárọ̀ ni mo ń ṣépè. O sì wà níbẹ̀ tó o ń gbọ́."

"Mò ń gbọ́ ọ."

"O ń fọ ẹnu."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ìyá náà fa ọwọ́ rẹ̀ kúrò lórí orúnkún ọkọ ọmọ rẹ̀. Ó yí ojú sí ẹnu ọ̀nà kíṣìnì, ó gbé ohùn sókè. "Wá, ọmọ yìí. Sọ fún ọkọ rẹ kó dìde níwájú mi."

Ìyàwó jáde. Ó wo ọkọ rẹ̀. Kò jíṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ọkọ dìde.

Àwọn ọjọ́ tó tẹ̀ lé e kò rọrùn fún ẹnikẹ́ni nínú ilé. Ìyá ṣì ń tọ́jú ẹyẹ, ṣùgbọ́n bí àṣá bá kọjá lókè, á kàn gbé ojú sókè, kò ní sọ nǹkan kan. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn wúwo fún ọkùnrin yìí ju gbogbo èpè lọ. Ìyàwó jẹ́wọ́ fún ìyá rẹ̀ pé òun náà mọ̀. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá gbé ẹran síwájú ìyá, á ti àwo sẹ́yìn, á wo ọmọ rẹ̀ lójú, á ní, "Báwo lèyí ṣe kú?" Ìyàwó á ní, "Màmá, ọjà ni mo ti rà á." Ìyá á ní, "Ọdẹ náà wà lọ́jà." Ẹ̀yìn kíṣìnì ni ìyàwó máa ń lọ bínú sí. Lọ́jọ́ kan ó kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó ní, "Ó tẹ́ yín lọ́rùn báyìí? Ọkàn yín fúyẹ́, tiwa ńkọ́?" Ọkàn ọkọ kò fúyẹ́. Ó rò pé á fúyẹ́ ni.

Ó sọ òtítọ́ fún onípọ́ǹpù náà, kí ó lè yéé pè é ní orúkọ yẹn. Onípọ́ǹpù rẹ́rìn-ín títí ikùn rẹ̀ fi ń mì. Ó ní, "O pa ìyá, o jẹ ìyá, o wá di ìyá! Ó parí!" Ó rò pé àwàdà tuntun ni. Orúkọ náà kò kúrò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá wọ bàtà. Ó ní, "Sọ fún ọkọ rẹ kó mú mi dé ibi tí ẹyẹ yẹn kú sí." Ó ní kí wọ́n gbé ẹyẹ náà sínú agbọ̀n. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rìn jẹ́jẹ́, ìyá ń fi ọ̀pá tẹ ilẹ̀, ìyàwó di apá rẹ̀ kan mú, ọkọ gbé agbọ̀n tẹ̀ lé wọn. Onípọ́ǹpù rí wọn lójú fèrèsé.

"Ìyá Àparò! Ta lo mú wá kí wa?"

Ìyá dúró. "Kí lo pè é?"

"Ìyá Àparò, Màmá. Bí a ṣe ń pè é níbí nìyẹn."

Ìyá yí ojú sí ọkọ ọmọ rẹ̀, òun fúnra rẹ̀, láìrán ẹnikẹ́ni. "Ò ń jẹ́ ẹ?"

"Mò ń jẹ́ ẹ, Màmá."

Ìyá tún ọ̀pá rẹ̀ dì mú. "Máa jẹ́ ẹ lọ," ni ó wí, ó sì ń bá ìrìn rẹ̀ lọ.

Títí di òní, ọkùnrin yìí kò mọ̀ bóyá ṣe ni ìyá fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹ ẹ́ níyà tàbí ohun mìíràn ló ní lọ́kàn. Kò sì béèrè.

Ó fi àárín pápá hàn wọ́n. Kò sí ohun kan níbẹ̀ mọ́, koríko kúkúrú ni. Ìyá ní kó sọ bí ó ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀, ó sọ ọ́. Ó ní kó sọ bí ó ṣe ń gé e báyìí, ó fi ọwọ́ júwe rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dúró sí dé ibi koríko gíga lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà. Lẹ́yìn náà ìyá ní kí wọ́n ṣí agbọ̀n. Ìyàwó ní, "Màmá, ṣé ó dá yín lójú?" Ìyá ní, "Kì í ṣe tiwa. A ti jẹ èyí tí a jẹ."

Ẹyẹ náà jáde. Ó dúró, ó yí orí síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ṣa nǹkan kan lẹ́sẹ̀ ìyá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré, orí ń lọ níwájú, ó gba orí koríko kúkúrú kọjá, ó wọ inú èyí tó ga, wọn kò rí i mọ́. Ọkùnrin yìí lóṣòó, ó fi èékánná sọ ilẹ̀, kọ́kọ́kọ́. Ó ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹyẹ kò wá.

Nígbà tí wọ́n ń padà lọ, ẹsẹ̀ ìyá ti rẹ̀, apá ọkọ ọmọ rẹ̀ ló sì dì mú. Kò bá a sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi délé. Nígbà tí wọ́n délé, ó ní kí ó bá òun gbé ìrọ̀rí. Kò fi "ọmọ mi" kún un, kò sì rán ẹnikẹ́ni sí i. Bí ó ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ìgbà náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, tààrà. Bí ọkùnrin yìí bá gbọ́ tí àparò ké láàárọ̀, ó máa ń dá ọwọ́ iṣẹ́ dúró, ṣùgbọ́n gbogbo àparò ló ń ké bákan náà, kò sì lè mọ̀ bóyá èyí tí òun tọ́ dàgbà ni tàbí òmíràn.

Ọ̀gá rẹ̀ kò yéé bínú nítorí ìlà. Nígbà tó yá, ó ní kó yan ọ̀kan: kó gé pápá bí wọ́n ṣe ń gé e tẹ́lẹ̀, tàbí kó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ kó máa lọ. Ó gbé ẹ̀rọ sílẹ̀. Ọgbà ilé-ìwòsàn àwọn ọmọdé ló ń tọ́jú báyìí, ní òdìkejì ìlú. Àdá ló fi ń gé koríko ibẹ̀, ó sì ń pẹ́ kó tó parí rẹ̀.